Òrùlé Tó Fa Ọrùn Sínú

Shaquan, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta, ọdún 1985

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Orúnkún yín ńkọ́? Ẹsẹ̀ Genwang àbúrò mi ńkọ́? Mo kí Qiaolian ìyàwó rẹ̀, mo sì kí ọmọ wọn. Àwa náà wà dáadáa níhìn-ín ní Gansu, àfi afẹ́fẹ́ tó ń da iyanrìn sínú oúnjẹ wa. Dou Shicai ọkọ mi ní kí n kí yín. Ó ní ọtí tí ẹ fún òun mu lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, orí ṣì ń fọ́ òun títí dòní.

Mo bínú sí yín díẹ̀. Ọdún tuntun dé, ó lọ, kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí mi láti Shanxi. Àbí mo ti di ẹni ìgbàgbé? Ó dáa, mo ti dárí jì yín, nítorí ìròyìn tó wà lọ́wọ́ mi kò jẹ́ kí n lè bínú pẹ́.

Bàbá, èmi ni wọ́n fún ní òrùlé gbọ̀ngàn ńlá tẹ́ńpìlì Kọnfúṣíọ́sì tó wà láàárín ìlú wa! Èyí tí mo sọ fún yín pé iná jó nígbà rògbòdìyàn. Wọ́n ti fẹ́ tún un kọ́, kì í sì í ṣe òrùlé lásán tó ń da òjò síwájú àti sẹ́yìn bíi ti ilé wa. Olójú mẹ́rin ni, irú èyí tí wọn kì í jẹ́ kí mẹ̀kúnnù fi bo ilé rẹ̀ láyé ọba, tí òjò ń gba ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Baba Qi, alága ìgbìmọ̀ tẹ́ńpìlì, wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Obìnrin kẹ̀?" Mo ní, "Ọmọ Xue Wanliang ni mí. Eyín mi àkọ́kọ́ kò tíì ká tí mo ti ń bá bàbá mi gun òrùlé. Kò sí ohun tó wà nínú olójú mẹ́rin tí wọn ò fi hàn mí." Wọ́n ti gbọ́ orúkọ yín níbí. Ó ní kí wọ́n bu tíì fún mi.

Ṣùgbọ́n olójú méjì nìkan ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi ṣe láti ìgbà tí mo ti dé ilé ọkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó dáadáa: ṣé nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún? Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo mọ̀ pé ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo fi èso gbígbẹ díẹ̀ sínú ẹrù yìí.

Èmi ọmọ yín,
Gaizhen


Huaishu, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin

Gaizhen ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, èso dé. Eyín mi kò gba irú èso bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ Genwang ló jẹ gbogbo rẹ̀, inú sì run ún di ọjọ́ kejì. O ṣeun o.

O ní a kò kọ̀wé. Ta ni ìbá kọ ọ́? Genwang kì í kọ̀wé bí kì í bá ṣe pé ó fẹ́ tọrọ nǹkan. Èmi náà, ìgbà tí mo bá fẹ́ kọ̀wé ni mo máa ń rántí pé ìwọ lo fúnra rẹ lọ fẹ́ ọkọ síbi tí wọ́n ti ń jẹ núdù láìfi fínígà sí i. Kí ni kí n kọ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Wọ́n fún ọ ní olójú mẹ́rin. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kó hàn nínú ìwé, kí o má bàa gbéra ga. Rí i pé igi rẹ gbẹ. Bí o bá ń tẹ ẹ̀kẹ́, kó rọra dìde láti ìsàlẹ̀, kó wá dìde ṣánṣán lókè, kí omi òjò lè fò jìnnà sí ògiri. Má jẹ́ kí wọ́n kánjú lé ọ lórí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé igi góńgó, ìyẹn igi tó ń dùbúlẹ̀ sórí pátápátá, ẹ fi aṣọ pupa wé e, ẹ yin báńgà, kí o sì fi búrẹ́dì sọ̀kò láti òkè kí àwọn ènìyàn lè hán an. Nínú ọdún ẹranko méjìlá, ẹni tí wọ́n bí ní ọdún ẹkùn kò gbọdọ̀ dúró nítòsí. Ọkọ rẹ ńkọ́, ọdún wo ni wọ́n bí i? Bó bá jẹ́ ọdún ẹkùn ni, kó lọ kí ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kò sí nǹkan mìíràn. Ohun tí o rí lọ́wọ́ mi ní kékeré tó ọ.

Wọ́n ní irun àgùntàn ibẹ̀ dára. Bá mi wá díẹ̀, kí n fi wé orúnkún.

Bàbá rẹ,
Xue Wanliang


Shaquan, ọjọ́ kejì oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìkórè o. Mo mọ̀ pé ẹ wà ní ibi ìpakà báyìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìdí lélẹ̀ kí ẹ ka èyí.

Mo ṣe gbogbo bí ẹ ti wí. Igi gbẹ. Ẹ̀kẹ́ tẹ̀ dáadáa. Shicai lọ kí ìyá rẹ̀, nítorí ọdún ẹkùn ni wọ́n bí i lóòótọ́, ó sì ń ráhùn pé òun nìkan ni kò jẹ nínú búrẹ́dì náà. Nígbà tí a gbé igi góńgó sókè, ìlú hó yèè. Baba Qi sunkún. Mo rò pé ọjọ́ tó dára jù láyé mi nìyẹn.

Lẹ́yìn náà a tú àtẹ̀gùn igi tó yí ilé ká, mo wá rìn jáde dé ojú títì láti wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Bàbá, òrùlé náà fa ọrùn sínú. Igi góńgó kúrú lójú. Mo gòkè padà, mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n, kò sí àṣìṣe, ìwọ̀n rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n láti ilẹ̀, bí ẹni pé wọ́n gé e lórí méjèèjì ni. Baba Qi wá dúró tì mí. Ó wò ó títí, ó ní, "Gaizhen, gbọ̀ngàn yìí jọ ẹni tí òtútù ń mú." Àwọn tó ń ta ẹran àgùntàn lójú ọ̀nà gbọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ká èjìká sókè, wọ́n á ní, "Ìyá onílé, ẹ bá wa wá kótù o!"

Wọn ò jẹ́ kí a to táìlì sí i. Baba Qi ní òun fún mi di ìgbà tí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀. Bí n kò bá tíì rí ojútùú rẹ̀ nígbà náà, òun á wá ẹlòmíràn, onítọ̀hún á sì tú gbogbo igi tí mo tò palẹ̀ pátá.

Kí ni mo gbàgbé? Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Èmi ọmọ yín,
Gaizhen


Shaquan, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Ṣé lẹ́tà mi dé? Ṣé ara yín le? Bó bá jẹ́ pé àìsàn ni, ẹ ní kí Genwang kọ ọ́, kí n mọ̀. Bí kì í bá ṣe àìsàn, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí mi. Mi ò lè sùn. Bí mo bá pa ojú dé, òrùlé yẹn ni mo ń rí.

Gaizhen


Huaishu, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Èmi Qiaolian ìyàwó Genwang ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo àṣìkọ mi, ilé ẹ̀kọ́ kò pẹ́ lára mi. A kí yín, a kí ọkọ yín. Ara Bàbá le. Wọ́n jẹ àwo núdù méjì láàárọ̀ yìí.

Lẹ́tà yín méjèèjì dé. Bàbá ka ti àkọ́kọ́ níbi ìpakà, wọ́n ká a, wọ́n fi í sínú fìlà. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ní dá ẹ̀gbọ́n lóhùn ni?" Wọ́n ní, "Igi rẹ̀ ló tutù. Yóò gbẹ." Wọ́n jókòó, wọ́n ń fa tábà. Ti kejì dé, wọ́n tún fi í sínú fìlà. Àánú yín ṣe mí, ni mo fi ní kí èmi kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbàgbé láti ti orí igi góńgó jáde ni? Ohun tó ṣe òrùlé yín kò lè ju ìyẹn lọ. Ní ọdún tí mo bí ọmọ mi, nígbà òtútù tí kò síṣẹ́ oko, Bàbá fi pòròpórò ọkà bàbà kọ́ òrùlé kékeré fún mi lágbàlá, wọ́n ní kí n wò ó dáadáa. Wọ́n ní nínú olójú mẹ́rin, ojú máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí a bá tẹ̀ lé ìwọ̀n lásán, igi góńgó á kúrú lójú ẹni tó wà nílẹ̀. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ tì í jáde lápá méjèèjì, kí àwọn igi abẹ́ rẹ̀ náà tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa dín kù. Iye tí a ó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan ni n kò lè kọ síbí, nítorí wọ́n mú mi búra níwájú ère Lu Ban, baba gbogbo gbẹ́nàgbẹ́nà. Àmọ́ ẹ̀yin á kúkú ti mọ iye náà ṣáájú mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n á ti mọ èyí láti kékeré." Wọ́n kàn ń ṣẹ́ pòròpórò lọ.

Ẹ máa fọkàn balẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wàhálà ilé ọkọ ló mú yín gbàgbé.

Àbúrò yín,
Qiaolian


Shaquan, ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án

Bàbá,

Mo kí yín.

Ẹ má bá Qiaolian jà. Kò mọ̀ pé ẹ fi í pamọ́ fún mi. Ta ni ìbá rò ó?

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ̀ tán, omi ni mo kọ́kọ́ rántí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti dé orí igi góńgó, ẹ máa ń sọ pé, "Gaizhen, lọ bá mi wá omi gbígbóná." Ní tẹ́ńpìlì etí odò, ẹ sọ ọ́. Ní gbọ̀ngàn tó wà lórí òkè, nígbà tí mo ti tó ọmọ tí ń ru táìlì, ẹ sọ ọ́. Mo máa ń sáré, Bàbá. Mo máa ń sáré gan-an kí omi má bàa tutù. Bí n ó bá fi gòkè padà, ẹ ti kan gbogbo rẹ̀ pa. Ẹ ó mu omi náà, ẹ ó ní kò sí ọmọ tó yára bíi tèmi ní gbogbo Huaishu, inú mi á sì dùn di alẹ́. Ẹ̀tàn ni, ẹ̀yin lẹ sì tàn mí.

Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ́tàá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mi ò mọ̀ pé bàbá mi ni wọ́n ń sọ. Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ṣé èmi kọ́ ni mo gbé táìlì yín títí èjìká mi fi bó? Ṣé Qiaolian gun òrùlé kan rí láyé rẹ̀? Mo béèrè lọ́wọ́ yín ní oṣù kẹta pé ṣé nǹkan kan wà. Ẹ ní kò sí. Ẹ jẹ́ kí n gbé igi náà sókè lójú gbogbo ìlú. Ẹ mọ̀ pé wọn yóò fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ wá lọ pakà.

Ẹ fún mi ní iye náà. Igi ńlá kò pọ̀ ní aṣálẹ̀ yìí, ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ wa. Bí mo bá ń dán an wò tí mo gé e ṣì, kò sí òmíràn. Mi ò bẹ̀ yín nítorí ara mi mọ́. Ẹ ṣe é nítorí òrùlé.

Gaizhen


Huaishu, ọjọ́ ogún oṣù kẹsàn-án

Gaizhen,

O pariwo lé mi lórí nínú ìwé débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ di etí. Gbọ́ tèmi náà.

Kí bàbá mi tó kú, ó mú mi kúnlẹ̀ níwájú Lu Ban. Ó ní, "Ìyàwó ọmọ rẹ ni kí o kọ́. Má kọ́ ọmọbìnrin rẹ. Omi tí a dà síta ni ọmọbìnrin, ilé onílé ni yóò lọ rin." Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Bí mo bá fi lé ọ lọ́wọ́, lọ́jọ́ iwájú yóò di ti àwọn Dou, ẹni tó ń wá oníṣẹ́ olójú mẹ́rin yóò sì fo ẹnu ọ̀nà wa kọjá lọ sọ́dọ̀ wọn. Genwang jábọ́ láti orí òrùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba àkàsọ̀ mọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ kò bá mọ̀ ọ́n, kí ni ọmọ wọn yóò jogún? Ìwọ lọ́kọ, ọkọ rẹ ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé.

O ní mo so ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Abẹ́ òrùlé mi ni Qiaolian ń sùn. Òun ló ń fọ ẹsẹ̀ mi. Ìgbà wo ni ìwọ fọ ọ́ kẹ́yìn?

Ìyẹn tó. Baba Qi ti kọ̀wé sí èmi fúnra mi, ó bẹ̀ mí bí ọmọlúàbí, mo sì ti dá a lóhùn. Qiaolian yóò wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá yín lẹ́yìn àjọ̀dún òṣùpá. Yóò ṣe orí igi góńgó náà. Nígbà tó bá ń wọ̀n ọ́n, kí ìwọ wà nísàlẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún Baba Qi bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, òrùlé á dára, orúkọ wa á dára, ìwọ náà á to táìlì rẹ. Kí ló tún kù? Ẹ má jà.

Irun àgùntàn tí mo ní kí o bá mi wá ńkọ́?

Bàbá rẹ


Shaquan, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá

Bàbá,

Qiaolian dé láyọ̀. Ó bì láti Lanzhou títí dé ọ̀dọ̀ wa, síbẹ̀ ìgò fínígà tó gbé wá fún mi kò fọ́. A kò jà. Ẹ lè fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn.

Wọ́n fi ẹní yí òkè ilé ká kí ojú má bàa tó o. Baba Qi dúró láàárín àgbàlá, ó ní, "Gaizhen, bàbá rẹ ní kí o sọ̀kalẹ̀." Àwọn òṣìṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ bí a ti ń di ayùn mú ń wo ẹsẹ̀ wọn. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo lọ dúró ti òkìtì táìlì bí ẹni tó wá ra nǹkan.

Ṣùgbọ́n Bàbá, pòròpórò lẹ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kò gé igi ńlá rí. Iye wà lórí rẹ̀, kò sí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń gbọ́ bí àáké ṣe ń ta nù lókè. Igi kan ṣoṣo tí a ní ló ń gé yẹn! Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo kígbe láti ìsàlẹ̀, "Qiaolian, mú èèkù àáké nídìí! Má mú un lọ́rùn! Jẹ́ kí àáké fúnra rẹ̀ já bọ́!" Ó ní, "Báyìí?" Mo ní, "Mi ò rí ọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ìró rẹ̀ ni kí o jẹ́ kí n gbọ́." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ́ ọ, ó ń gé ohun tí ẹ kò fẹ́ kí n rí.

Ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ jẹun, ó yọ orí láàárín ẹní. Ó ń sunkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gòkè wá. Kò sẹ́nìkankan. Ẹ wá wò ó, mi ò ní sọ fún ẹni kankan." Mo ní rárá. Ó pè mí lọ́jọ́ kejì, mo ní rárá.

Wọ́n ti tú ẹní kúrò. Mo rìn jáde lọ sí ojú títì láti wò ó. Mo fẹ́ kó burú, Bàbá, mo fi gbogbo ọkàn mi fẹ́ kó burú. Kò burú. Òrùlé náà na ọrùn, ó dúró bí ọba. Àwọn ẹlẹ́ran àgùntàn kò ká èjìká mọ́.

Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ oníṣẹ́ sí abẹ́ igi góńgó. Baba Qi bi mí pé orúkọ ta ni. Mo ní, "Ẹ kọ Xue Wanliang àti ìyàwó ọmọ rẹ̀." Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí ni kí á pè ọ́?" Mo ní ìyàwó Dou Shicai ni mí. Bí ẹ ti fẹ́ ẹ nìyẹn.

Gaizhen


Huaishu, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá

Gaizhen ọmọ mi,

Qiaolian ti dé. Ó ní òun pè ọ́, o kò gòkè. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Kí ló dé tí o kò gòkè? Ṣé o rò pé èmi kò mọ̀ pé yóò pè ọ́? Ǹ bá ti kọ iye náà ránṣẹ́ sí Baba Qi kó pa á mọ́. Ǹ bá ti ní kí wọ́n gbé igi wá sí Huaishu. Qiaolian ni mo rán, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kò gba nǹkan dúró, bí adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin. Mo di ọ́ lẹ́sẹ̀ lójú ènìyàn kí bàbá mi lè rí i níbi tó wà pé mo pa ìbúra mọ́. Ẹní yẹn, kí ni o rò pé mo ní kí wọ́n fi bo òkè ilé fún? Kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ọ nígbà tí o bá gòkè ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Mo rò pé yóò dénú rẹ.

Genwang ló ka lẹ́tà rẹ fún mi, ojú mi ti ń ṣú. Nígbà tó dé ibi ìyàwó Dou, mo ní kó má kà á mọ́.

Ọdún tuntun ń bọ̀. Wá sílé. Qiaolian kò ní sí nílé fún ọjọ́ díẹ̀, yóò lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Pòròpórò ọkà bàbà pọ̀ lágbàlá.

Bàbá rẹ


Shaquan, ọjọ́ kẹfà oṣù kejìlá

Bàbá,

Irun àgùntàn wà nínú ẹrù yìí. Ẹ wé e mọ́ orúnkún kí ẹ tó sùn, kì í ṣe lẹ́yìn tí òtútù bá ti wọlé.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n odindi lẹ sọ fún Qiaolian. Ẹ jókòó tì í lágbàlá ní ọ̀sán gangan, ẹ ṣẹ́ pòròpórò fún un, ẹ ní kó wò ó dáadáa. Èmi, ẹ fẹ́ kí n dúró kí àwọn ọkùnrin lọ jẹun, kí n yọ́ gun òrùlé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, kí n yọjú wo ìwọ̀n náà ní kọ̀rọ̀ ẹní, kí n sì máa fi í pamọ́ títí n ó fi kú bí ẹrù olè. Nígbà tí ẹ sì tún pè mí wálé, ìgbà tí Qiaolian kò ní sí nílé lẹ mú. Ẹ fẹ́ kí ọwọ́ yín mọ́ níwájú bàbá yín, ẹ ní kí tèmi dọ̀tí. Nígbà tí ẹ fi í pamọ́ fún mi, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe fẹ́ fi í fún mi yìí ló dùn mí jù.

Bí ẹ bá fẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ ojú irin wà. Ẹ wá. Ẹ dúró ní àgbàlá tẹ́ńpìlì níbi tí Baba Qi dúró sí, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá pé, kí ẹ pe orúkọ mi, kí ẹ ní kí n gòkè. Bí ẹ kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí mi mọ́. Ìsàlẹ̀ lẹ ní kí n wà, mo wà níbẹ̀.

Gaizhen